Ọkọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Mo Sọ Di Ilé ní Ìlú Àkọjá

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ní nǹkan lórí iná kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, n kò sì ní tún un sọ fún ẹni tó bá sùn. Èmi ni Ọdẹ́rìndé, ọdẹ Ìsàlẹ̀-Arère, ọkùnrin kan ṣoṣo tí ẹfọ̀n sá fún tí ó sì gbàgbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ẹ máa rín in. Ẹfọ̀n náà kò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ fẹ́ mọ ìdí tí ilé mi fi ní bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú, tí mo fi fi igbá bo ojú iná rẹ̀ méjèèjì, tí koríko bẹẹrẹ fi wà lórí páánù rẹ̀. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé orí Ọdẹ́rìndé ti dàrú, pé ó kó ìyàwó rẹ̀ sínú òkú ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. N kò bá yín jà. Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Oko tí mo dé ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Ní ọdún tí òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún láìdá, mo wà nínú igbó pẹ̀lú ìbọn mi. Ìyàwó mi, Ìbídùnní, lọ ṣẹ́ igi ìdáná. Kí ó tó gbé ìdì igi náà dé, ilé wa ti wó. Kò wó bí ilé ti í wó tí àlàpà yóò kù. Omi gbé ògiri lọ, ó gbé òrùlé lọ, ilẹ̀ náà mọ́ bí ibi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Àwọn aládùúgbò rí i tí ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi tí yóò sọ ẹrù sí. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Ó gba àárín wọn kọjá, ó ń lọ, títí ó fi wọ inú Igbó Aláìlóhùn pẹ̀lú ìdì igi náà lórí.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó dé. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ọdẹ kì í sábà sọ irú rẹ̀ ní gbangba, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà kọjá ìtìjú. Wọ́n ní ẹni tó bá wọ Igbó Aláìlóhùn, kí a máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀fọ̀ pamọ́ fún ara wọn. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo sì wọlé tọ̀ ọ́.

Ẹyẹ wà nínú igbó náà, wọ́n ń la ẹnu, ohùn kò jáde. Odò ń já lórí àpáta, kò hó. Ìró kan ṣoṣo tí mo ń gbọ́ ni ti ẹsẹ̀ ara mi, ìró náà sì ń ṣáájú mi. Màá kọ́kọ́ gbọ́ tí ewé gbígbẹ fọ́ níwájú, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ mi yóò tó dé orí ewé ọ̀hún. Bí mo bá dúró, ìró náà yóò tún rìn díẹ̀ sí i kí ó tó dúró, bí ẹni tó ń retí mi. Àwọn kan nínú yín ì bá ti yí padà níbẹ̀. Lámọ̀ràn tó jókòó ti ògiri yẹn ì bá ti sá dé abẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, ẹranko kan dìde sí mi. Ara rẹ̀ jọ ti àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn ni ó wà níbi tí pátákò ì bá wà. Mo yìnbọn fún un. Ìbọn tì mí léjìká bó ti yẹ, èéfín sọ, ẹranko ṣubú, n kò gbọ́ ìró kankan. Mo rò pé etí mi ti di, mo bá tèmi lọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, bí mo ti ń bọ́jú lódò, ìró ìbọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá mi láti ẹ̀yìn, ó dún, ó kọjá lórí mi, ó sì ń bá ọ̀nà lọ. Igbe ẹranko náà tẹ̀lé e. Orúkọ mi ni ó ń ké.

Mo sáré díẹ̀ nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí bí díẹ̀ náà ti pọ̀ tó.

Níbi tí igbó náà tán sí, mo bá oníbodè kan tó jókòó sójú ọ̀nà, ó ká orúnkún rẹ̀ sókè dé igbáàyà. Ojú rẹ̀ dán bí ìdí odó, kò sí ẹyin ojú níbẹ̀. Orúnkún ni ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì wà, wọ́n sì ń ṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Olójúlórúnkún ni wọ́n ń pè é. Ó bi mí ohun tí mo ń wá, mo sọ fún un pé ìyàwó mi ni. Ó ní òun yóò pa àlọ́ kan, bí mo bá gbà á, màá kọjá pẹ̀lú ohun tí mo mú dání. Bí n kò bá gbà á, màá fi ìbọn mi sílẹ̀. Ó ní, “Kí ni ó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, tí ó ń gbé wọn bọ̀, tí kò bí ẹyọ kan rí?”

N kò jẹ́ kí ó pa ẹnu dé. Mo ní ọmọ-ọ̀dọ̀ ni, mo sì rẹ́rìn-ín sí bí ó ti rọrùn tó. Ó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín títí ó fi sú mi. Ó ní ọmọ-ọ̀dọ̀ lè bímọ lọ́la, ṣùgbọ́n èyí tí òun ń wí kò ní bí láéláé. Ó gba ìbọn mi, ó tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, ó fi í sí ọrùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní kí n máa lọ, pé ìdáhùn náà ń dúró dè mí níwájú, yóò sì wúlò fún mi ju ìbọn lọ. Báyìí ni mo ṣe wọ Ìlú Àkọjá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo.

Mo ti rí ìlú tí orí ń sọ̀rọ̀ láìsí ọrùn, kò bà mí lẹ́rù tó ìlú yẹn. Kò sí ilé kan níbẹ̀. Pápá tẹ́jú lọ salalu, gbogbo ará ìlú sì ń rìn yí i ká pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹnìkan ru ìkòkò omi, ẹnìkan ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́, ọkùnrin arúgbó kan ru ilẹ̀kùn tí iná ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò wo ara wọn. Ẹsẹ̀ wọn ti gbẹ́ ilẹ̀ pápá náà títí ó fi jìn dé ìbàdí.

Ọba wọn, Arìnmádúró, ń rìn pẹ̀lú wọn. Adé wà lórí rẹ̀, ìtẹ́ rẹ̀ sì wà lórí adé, òun ni ó rù ú. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá a rìn. Mo bá a rìn fún odindi òwúrọ̀ kan kí ó tó dá mi lóhùn. Ó ṣàlàyé fún mi pé gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí jẹ́ ẹni tó gbé ẹrù bọ̀ wálé tí kò bá ilé mọ́, pé ìyàwó mi wà láàrin wọn, àti pé òun kì í mú ẹnikẹ́ni sìn, wọ́n kàn ń wá ilé ni.

Ó wá sọ òfin náà fún mi. “Ìta ilé nìkan ni ojú wọn ń rí. Kọ́ ilé tí ìyàwó rẹ yóò dá mọ̀ láti ìta pé tòun ni. Ìgbà mẹ́ta ni yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, máa mú un lọ. Bí kò bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò ní gba ibẹ̀ mọ́ láé. Ìwọ kò sì gbọdọ̀ fọhùn sí i.”

Mo ní kò burú, mo gbẹ́lẹ̀, mo ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ti pọ òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Ilẹ̀ Àkọjá kì í gba ìpìlẹ̀. Mo wá ohun tó ní òrùlé tẹ́lẹ̀ kiri, títí mo fi dé abẹ́ igi arère kan, níbi tí ìdáhùn àlọ́ Olójúlórúnkún wà: ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan, aláwọ̀ òfefèé, gígùn, ìpẹtà ti jẹ orúkọ ilé-ìwé tó wà lára rẹ̀. Ta ni ó gbé e débẹ̀? Ẹ lọ bi igi arère.

Ọkọ̀ yẹn kò tíì gbàgbé ọ̀nà. Kò ní ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ ibi tí ó bá kọjú sí lálẹ́ kọ́ ni yóò kọjú sí bí ilẹ̀ bá mọ́. Bí oòrùn bá yọ, àtẹ́lẹwọ́ kéékèèké yóò yọ lára gíláàsì fèrèsé láti inú, ohùn àwọn ọmọ yóò sì máa béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ṣé a ti dé?” Mo wo inú rẹ̀. Àga nìkan ni ó wà níbẹ̀, eruku sì wà lórí àga.

Mo mọ̀ pé ohun tó bá ṣì ń lọ kò lè di ilé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú táyà rẹ̀. Bí mo ti ń tú wọn ni ọkọ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń fà mí, ó wọ́ mí lórí òkúta títí orúnkún mi fi bó. Mo dì í mú. Nígbà tí táyà kẹfà jáde, ọkọ̀ náà jókòó sórí ilẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Gbogbo ohùn inú rẹ̀ pa pọ̀, wọ́n ní, “A ti dé.” Ẹsẹ̀ kéékèèké sáré sọ̀ kalẹ̀ kọjá lára mi, n kò rí ẹnìkan. Láti ọjọ́ náà, àtẹ́lẹwọ́ kò yọ lára gíláàsì mọ́.

Nígbà náà ni mo gbé iṣẹ́ lé ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀, nítorí kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn. Mo tẹ́ táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ níwájú, mo fi ilẹ̀ dúdú kún wọn, mo gbin ata àti tẹ̀tẹ̀ sí i, wọ́n hù lọ́jọ́ kejì. Mo fi amọ̀ rẹ́ ara irin rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, kí ó lè tutù bí ògiri. Mo gbẹ́ ẹfun lódò, mo gún osùn, mo fi ewé ẹ̀lú ṣe aró, mo fi funfun àti pupa àti dúdú kun àwọ̀ òfefèé náà títí kò fi ku ibì kan tí ẹ fi lè dá a mọ̀ mọ́. Mo hun imọ̀ ọ̀pẹ bo fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gba òpó, mo so fàráńdà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà láti òkè, mo gbẹ́ àwòrán sára igi tó gbé e dúró. Àwòrán ọdẹ ni gbogbo wọn, gbogbo wọn sì jọ mí.

Mo fi bẹẹrẹ bo òrùlé, mo fi ọparun ṣe àtẹ̀gùn dé orí rẹ̀, mo tẹ́ pákó sókè níbẹ̀ kí baálé lè máa jókòó wo ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kan wà nídìí ọkọ̀ náà lẹ́yìn pátápátá, irú èyí tí a ń gbà sá jáde bí ewu bá dé. Mo kàn án pa. Ilé tó ní ihò lẹ́yìn, olè ni ó ń pè. Mo fi awọ ẹkùn tí pàkúté mi mú bò ó, mo kan agbárí ẹfọ̀n mẹ́ta tí mo ṣà nínú igbó mọ́ ọn, kí ẹni tó bá gba ẹ̀yìn wá lè mọ ilé ẹni tí ó dé. Ní ọjọ́ keje mo wọ ẹ̀wù ọdẹ mi, mo ká ọwọ́ gbera níwájú fàráńdà, mo ń retí ìyàwó mi.

Ó yọ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn, ìdì igi tó wà lórí rẹ̀ ti rúwé. Igi gbígbẹ tí ó ṣẹ́ fún ìdáná ti tutù padà, ẹyẹ ti kọ́ ìtẹ́ sí i, gbòǹgbò tín-ín-rín ti gba inú irun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ́ mọ́ ọrùn rẹ̀ dé èjìká. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́jú. Ó súnmọ́ mi bó ti ń kọjá tó bẹ́ẹ̀ tí ewé orí rẹ̀ fi kàn mí lẹ́nu. Kò wo àwòrán, kò wo osùn, kò wo ata tó so. Ó gba kọ̀rọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó sì lọ.

Inú bí mi. Mo bínú sí òun gan-an, ẹ gbọ́. Mo ní kí ni obìnrin yìí tún ń fẹ́? Mo fi ọjọ́ mẹ́ta tún iwájú ilé ṣe, mo fi ìkarahun ìgbín to ọ̀nà títí dé ẹnu àtẹ̀gùn, mo fi epo pa igbá tó wà lójú iná ọkọ̀ títí ó fi ń kọ mànà. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ dúró lẹ́yìn, ó sì lọ. Mo jókòó sínú eruku, mo sọkún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó kù.

Nígbà tí mo sọkún tán, mo rántí pé ọdẹ ni mí. Ẹnu ènìyàn lè purọ́, ipa ẹsẹ̀ kì í purọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ka ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ bí mo ti ń ka ti ẹran. Níwájú ilé, ipa náà fúyẹ́, kò ṣiyèméjì, bí ẹni tó ń kọjá níwájú ilé àlejò. Lẹ́yìn, lábẹ́ awọ ẹkùn mi, ó jìn, ó wúwo, ọmọ ìka tẹ ilẹ̀. Ó ti yí síbí, ó ti yí sọ́hùn-ún. Ó fi ẹsẹ̀ wá nǹkan nílẹ̀, kò bá a.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ìbídùnní fi bá mi gbé, kò gba ojúlé wọlé pẹ̀lú ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yìnkùlé ni obìnrin ń gbà dé láti odò àti láti oko. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí mọ̀ ọ́n, ó sì dá mi lójú pé ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo ti sọ pé mo kan awọ mọ́ ilẹ̀kùn, ẹ kàn ń wò mí ni. Mo jókòó láti ronú ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa kí omi tó gbé e. N kò rántí. Mo fi odindi ọjọ́ kan ronú. Ṣé ọ̀tún ni àmù wà àbí òsì? Ààrò mélòó ni? Èmi tí mo mọ ihò ọ̀kẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú igbó mẹ́rin, n kò mọ ẹ̀yìn ilé ara mi.

Mo fa awọ ẹkùn ya. Mo ju agbárí ẹfọ̀n nù sínú igbó. Mo fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn náà, mo fi èjìká tì í títí ó fi ṣí. Mo gbé òkúta mẹ́ta kalẹ̀ fún ààrò, mo fi amọ̀ mọ àmù kan, mo sun ún, mo pọnmi sí i. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà kékeré sókè ilẹ̀kùn, mo ta okùn tí a lè sá aṣọ sí, mo sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀, àbá ni mo ń dá. Lẹ́yìn náà ni mo padà síwájú, mo tún wọ ẹ̀wù ọdẹ mi, mo dúró níbi tí baálé ń dúró.

Ó wá lẹ́ẹ̀kẹta. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó gba kọ̀rọ̀ lọ sẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo retí ìró kan tí mo mọ̀, ìró ìdì igi tó bá já lulẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, tí èmi yóò wà lórí àga mi níwájú ilé, tí màá fi mọ̀ pé oúnjẹ kò ní pẹ́. N kò gbọ́ ọ. Ó dúró, ó dúró. Mo wá gbọ́ tí ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́rù ló ń gbé ẹrù níbi tó ti wúwo. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń gbọ́ ìró igi yẹn, n kò bi ara mi rí pé ta ni ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni. Yóò kúnlẹ̀, yóò yí ọrùn, yóò dà á nù. Báyìí tí igi ti ta gbòǹgbò mọ́ ọn lọ́rùn, kò lè dà á nù mọ́, kò sì sí ẹni tó jáde sí i.

Mo sáré. Mo sá wọ inú ọkọ̀ náà láti iwájú, mo gba àárín àga kéékèèké, mo bẹ́ jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lókè. N kò fọhùn. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo di ìdì igi náà mú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́. Mo ti gbé ẹfọ̀n rí, mo ti gbé ìmàdò tòun ti ọmọ inú rẹ̀. N kò gbé ohun tó wúwo tó igi yẹn rí. Gbòǹgbò ń já lọ́rùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé e, ó ń wo òkè ọ̀run, orúnkún mi ń wọlẹ̀. Ní gbogbo pápá náà, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ gbogbo ará ìlú dúró, títí kan ti ọba. Mo gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Lẹ́yìn náà ni ìrìn tún bẹ̀rẹ̀.

Ìbídùnní ṣẹ́jú. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, “Ó pẹ́ kí ẹ tó jáde.”

A gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, mo tì í. Nígbà tí mo tún un ṣí, Ìsàlẹ̀-Arère ni mo rí, ọkọ̀ náà sì jókòó sórí ilẹ̀ tí omi ti gbá mọ́. Ẹ̀yin sọ fún mi pé ọdún mọ́kànlá ni mo lò. Ó sàn kí n gbà yín gbọ́, nítorí irun mi funfun.

Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín pé ó bọ̀ tán. Ó ń dáná, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú mi bí mo bá jẹ̀bi. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ lójijì, yóò jáde lọ rìn. Nígbà tí ó bá ń bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yóò ti gòkè, yóò di nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mú lórí, yóò gba kọ̀rọ̀, yóò sì dúró lẹ́yìnkùlé. Ibi yòówù tí mo bá wà nínú ọ̀rọ̀, màá dìde. Màá na ọwọ́ méjèèjì sókè, màá sọ̀ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wúwo.

Mo ti ro tèmi, kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí n kọjá, oòrùn ti ń wọ̀, mo sì ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.